Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Kékeré Ṣe Ń Gba Ìdánimọ̀ Jákèjádò Amẹ́ríkà

Ní 1982, nígbà tí Terrel Bell jẹ́ ọ̀gá àgbà Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni iléeṣẹ́ náà dá àmì ẹ̀yẹ National Blue Ribbon Schools sílẹ̀. Títí tí wọ́n fi fòpin sí i ní 2025, ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbà á kì í rí kọ́bọ̀ gbà mọ́ ọn. Àsíá kan àti àwo ìdánilọ́lá kan ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀, àsíá yẹn kì í ṣe ohun tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, pàápàá tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá kéré débi pé ará àdúgbò kejì lè má mọ̀ pé ó wà.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tó jẹ́ ti ìjọba, tí òbí kì í san owó ilé ìwé níbẹ̀, àmọ́ tí kì í gba gbogbo ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń fi ìdánwò àṣewọlé wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà ti mọ ìdajì ọ̀nà náà. Ní ìlú New York, òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1971 ló sọ pé ìdánwò nìkan ni kí wọ́n máa fi mú ọmọ wọ Stuyvesant, Bronx Science àti Brooklyn Tech. Láti ìgbà náà, ìlú ọ̀hún ti fi márùn-ún mìíràn kún wọn. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ tó ń jókòó ṣe ìdánwò náà lọ́dọọdún lé ní 25,000, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà nílẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Stuyvesant nìkan ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 3,000, ṣùgbọ́n Queens High School for the Sciences, tó ṣílẹ̀kùn ní 2002 nínú ọgbà York College, kò ní ju nǹkan bí 500 lọ. Ìṣirò tí wọ́n fi ń dá ilé ẹ̀kọ́ lọ́lá kì í bá irú ilé ẹ̀kọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ lò bó ṣe ń bá àwọn ńlá lò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní mímọ̀ nípa Blue Ribbon, nígbà tó ṣì wà, ni pé ilé ẹ̀kọ́ kankan kì í fa ara rẹ̀ kalẹ̀ fún un. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń wo èsì ìdánwò ìpínlẹ̀ náà, tí yóò sì fi orúkọ àwọn tó yàn ránṣẹ́ sí Washington. Ọ̀nà méjì ló wà nígbà náà tí ilé ẹ̀kọ́ lè gbà wọlé: kó wà lára ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe dáadáa jù lọ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, tàbí kó ti dín àlàfo tó wà láàárín èsì àwọn ọmọ tí ayé ò rọrùn fún àti ti àwọn yòókù kù gidigidi. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣa ọmọ kì í nílò láti wo ọ̀nà kejì yẹn rárá. Ohun tó lè dínà mọ́ ọn ni àwọn àfikún òfin: ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún márùn-ún tó ti wà, kò sì gbọ́dọ̀ tíì gba àmì ẹ̀yẹ náà láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí wọ́n bá pín orúkọ tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán, ìdá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó kéré tán, ti ilé tí kò rí jájẹ wá. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ aṣàyàn tí ọmọ àwọn tó rí já jẹ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ du àyè tó ṣẹ́ kù ni.

Nígbà tí ètò náà ṣì wà, ìgbà tí ìpínlẹ̀ bá ti dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ ìwé kíkọ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iye olùkọ́, iye ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń mú òbí mọ́ra. Òun, alábòójútó ẹ̀kọ́ àgbègbè àti alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ yóò sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá, igbákejì ọ̀gá méjì tàbí mẹ́ta lè pín iṣẹ́ yìí ṣe. Ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ẹni tó ń kọ ìwé náà lálẹ́ ni yóò dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀ kejì. Oṣù Kẹsàn-án ni orúkọ àwọn tó yege máa ń jáde. 356 ni wọ́n ní 2024.

Ní ìparí Oṣù Kẹjọ 2025, iléeṣẹ́ náà kọ̀wé sí àwọn ìpínlẹ̀ pé òun ti fòpin sí ètò náà, àti pé kí ìpínlẹ̀ tó bá wù máa dá ti tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀ ṣe dí nìyẹn, tí gbogbo ojú sì wá yí sí ipò tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń tò fún ilé ẹ̀kọ́. U.S. News & World Report, tó ti ń ṣe é láti 2007, ni àwọn òbí ń tọ́ka sí jù.

Bí U.S. News ṣe ń pín máàkì rẹ̀ rèé. Nínú ọgọ́rùn-ún, 30 jẹ́ ti bí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ṣe ṣe ìdánwò AP (Advanced Placement) tàbí IB (International Baccalaureate), èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti yunifásítì. 40 jẹ́ ti ìdánwò ìpínlẹ̀, tí wọ́n pín sọ́nà méjì ọgbọọgba. 10 jẹ́ ti èsì àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Látìn àti ọmọ tálákà. 10 jẹ́ ti bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti yege nínú AP tàbí IB ṣe pọ̀ tó. 10 tó kù jẹ́ ti iye ọmọ tó jáde lásìkò. AP máa ń gba máàkì 1 sí 5, 3 ni wọ́n sì kà sí yíyege. Nínú 30 àkọ́kọ́ yẹn, yíyege wúwo ju kéèyàn kàn jókòó ṣe ìdánwò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ọmọ 48 wà ní kíláàsì ìkẹyìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣe AP, 42 sì yege, ìyẹn ìdá 87.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ka 30 àkọ́kọ́ yẹn sí ọgọ́rùn-ún, máàkì 25 ni ti jíjókòó ṣe ìdánwò, 65.6 ni ti yíyege, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 90.6. Bí ibà bá dá ọmọ méjì dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò nínú Oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì fìdí rẹmi, máàkì yẹn yóò já sí 87.5. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ 480 wà ní kíláàsì ìkẹyìn rẹ̀, inú 90.6 náà ni yóò ti dín kù, àmọ́ 90.3 ni yóò dúró sí. Ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ kékeré fi lè fò sókè lọ́dún kan, kó sì já wálẹ̀ lọ́dún kejì, láìjẹ́ pé olùkọ́ kan yí ọwọ́ ìkọ́ni padà, nìyẹn.

Máàkì 10 ti ẹ̀kọ́ pípọ̀ yẹn tún jẹ́ ìṣòro mìíràn fún ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kò lè la kọ́ọ̀sì AP ogún sílẹ̀. Bí ó bá sì wà nínú ọgbà yunifásítì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ jókòó sí kíláàsì yunifásítì gan-an, ìyẹn kì í wọ inú ìṣirò náà, torí AP àti IB nìkan ni wọ́n ń kà.

Ìṣirò yìí tún máa ń pẹ́. Èsì nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n fi ń tò ó. Thomas Jefferson High School for Science and Technology ní Virginia wà ní ipò kìíní ní 2022, ó sì wà ní ipò kẹrìnlá ní 2024. Kíá ni àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru bí wọ́n ṣe fagi lé ìdánwò àbáwọlé ibẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ka AP wọn fún ipò ti 2024 ti wọlé kí ìyípadà náà tó dé.

Ibi tó díjú jù lọ ni ìdajì ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n pè ní àfikún lórí ohun tí a retí. Wọ́n á wo bí ọmọ tálákà, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn ṣe pọ̀ tó nínú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á fi ìyẹn ṣírò èsì tó yẹ kó ní, wọ́n á wá wo bó ṣe kọjá rẹ̀ tó. Wọn kì í wo máàkì tí ọmọ ti ní kó tó wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti fi ìdánwò ṣa ọmọ tálákà tó mọ̀wé jù lọ ní ìlú yóò dà bí ẹni pé olùkọ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣe é lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà yẹn kò lè jẹ́rìí sí i. Jay Mathews, akọ̀ròyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé ẹ̀kọ́ ní 1998 nípa fífi iye àwọn ọmọ tó ń jáde pín iye ìdánwò AP àti IB tí wọ́n ṣe, rí ìṣòro yìí. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ aṣàyàn tí máàkì wọn nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ga kọjá ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó kù kúrò nínú àtòjọ rẹ̀, ó sì to tiwọn sọ́tọ̀.