Ẹ Má Béèrè Máàkì Lọ́wọ́ Wọn: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìwàásù ní Pàríṣì

Ìgbìmọ̀ pàríṣì tó bá fẹ́ kí n bá àwọn ṣe ìwé ìbéèrè lórí ìwàásù, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń kọ sókè pátápátá: "Láti 1 dé 5, máàkì mélòó lẹ fún ìwàásù fadá wa?" Èmi a sì kọ́kọ́ pa á rẹ́ ná. Nínú ìjọ Àgùdà nílẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò fún fadá ní 2? Bí a kò tiẹ̀ gba orúkọ ẹnikẹ́ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ọwọ́ á lọ síbi 5. Èsì á wá dà bí oríkì ọjọ́ ìbí, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan ju ohun tí ẹ ti mọ̀ lọ.

Kì í kúkú ṣe pé àfojúdi ni kéèyàn béèrè. Òfin Ìjọ, Kánọ́nù 212, fún àwọn onígbàgbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wọn fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tilẹ̀ ní ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ ojúṣe wọn. Póòpù Francis fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Evangelii Gaudium ní 2013 pé ìwàásù a máa fìyà jẹ àwọn tó ń gbọ́ ọ, a sì máa fìyà jẹ àwọn tó ń ṣe é.

Ohun tí olùgbọ́ mọ̀ ni kí ẹ bi í. Kò mọ̀ bóyá fadá túmọ̀ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó gbọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kí ni ohun kan tí ẹ rántí nínú ìwàásù òní?" kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara wọn. Bí ogún èèyàn bá kọ ogún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fadá á rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá sì kọ àwàdà tó ṣe nípa jẹnẹrétọ̀, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà. Mi ò tíì rí ìbéèrè tó wúlò tó èyí.

Kí ẹ tó dá fadá lẹ́jọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọ ketekete níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìgbà mìíràn, sípíkà ló níṣòro.

"Ṣé ìwàásù náà kúrú, tó sì yé yín?" Ìbéèrè méjì nìyẹn, ẹ yà wọ́n. Nípa gígùn, ẹ má bi wọ́n ní iye ìṣẹ́jú, torí ẹni tó ń tòògbé ò wo aago. Kí ẹnì kan fi fóònù ká àkókò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew yẹ ìwàásù wò ní Amẹ́ríkà ní 2019, tí wọ́n to ti àwọn Kátólíìkì láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, èyí tó bọ́ sí àárín gba ìṣẹ́jú 14. Ti gbogbo ìjọ lápapọ̀ jẹ́ 37. Ní oṣù kẹfà 2024, Póòpù Francis ní kó má kọjá 8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn á sùn lọ.

Àwọn tó ń wá Mísà Yorùbá ní ìdájí kì í ṣe àwọn tó ń wá ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan sọ Mísà tó jẹ́, kó sì wà ní èdè Mísà náà. Bí ẹ bá gbé e sórí fóònù nìkan, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni yóò dáhùn. Ẹ fún àwọn màmá ní bébà àti báírò. Ẹ má lo Sọ́ńdè Àjíǹde tàbí ti ìkórè, ìgbà tí àwọn tí a kì í rí látọdúnmọ́dún máa ń kún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má gba nọ́ńbà fóònù. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, torí ọjọ́ orí àti ẹgbẹ́ tí èèyàn wà lè tú u fó ní pàríṣì kékeré. Àpótí ìdáhùn ò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ kátíkísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó ń bá fadá ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi èsì to pàríṣì lé ara wọn. Bí èèyàn mẹ́fà péré bá dáhùn ní ibì kan, tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta dáhùn níbòmíràn, kí la fẹ́ fi wéra?

Fadá ni kó kọ́kọ́ rí èsì, ní ìkọ̀kọ̀, kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kéde ohun kan tí yóò yí padà fún ìjọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún béèrè ìbéèrè kan náà láìyí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, torí bí ẹ bá yí i, èsì méjèèjì ò ṣeé fi wéra mọ́.