Ta ló ní owó tí ẹ ná sórí muscle car àtijọ́ máa padà wá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ àwọn olólùfẹ́ muscle car, ìyẹn mọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì ńlá sínú ẹ̀, lẹ́nu, wọ́n á ní iye yòówù tí èèyàn bá ná sórí mọ́tò àtijọ́, inú mọ́tò yẹn náà lowó wà, kò lọ síbì kankan, ọjọ́ tó bá tà á owó ẹ̀ á padà wá, èrè á tún gorí ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó owó ilé wọ gáréèjì ló máa ń sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ti jẹrà nílẹ̀, tó ń wá ẹni tó máa gbé e kúrò lọ́rùn ẹ̀, òun náà á máa sọ ọ́ fún oníbàárà: "Ẹ ṣáà tún un ṣe, ẹ ó wá rí iye tí wọ́n á máa pè é." Mi ò ní kò ṣẹlẹ̀ rí o. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Mustang, Camaro, Chevelle àti LeMans tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tó wà nílẹ̀ lónìí, ẹ ò ní rí owó yẹn gbà padà, bó ti wù kí iṣẹ́ yẹn dára tó.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń lágbára ni gbàǹjo. Gbogbo January ni Barrett-Jackson máa ń ṣe tiwọn ní Scottsdale ní Arizona, Mecum náà á ṣe tiwọn ní Kissimmee ní Florida, tẹlifíṣàn á gbé e, èèyàn á jókòó sílé á máa wo mọ́tò tó ń dán yinrin tí wọ́n ń pe owó lé lórí. Lọ́dún 2014 wọ́n pe owó Plymouth Hemi 'Cuda convertible ọdún 1971 kan dé mílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Ẹni tó ń wò ó rí ọ̀dà tó dáa, ó rò pé ọ̀dà yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀dà wo? Mọ́tò 11 péré ni Plymouth ṣe nínú irú yẹn lọ́dún yẹn. Bí wọ́n ṣe bí i ní fáctọ́rì ni wọ́n ń rà.

Àbí ẹ ò rántí Mustang GT ọdún 1968 tí òṣèré Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt? January 2020 ni wọ́n tà á ní Kissimmee níbẹ̀ yẹn, mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni wọ́n pè é dé, pẹ̀lú owó tí gbàǹjo ń gbà lórí ẹ̀ ó di mílíọ̀nù 3.74. Ìdílé tó tà á, 6,000 dọ́là ni wọ́n rà á lọ́dún 1974. Wọn ò tún un kùn. Ara ẹ̀ ti hó, ìpẹtà wà lára ẹ̀, wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì rà á. Ká ní ẹnì kan ti gbé e lọ fún pẹ́ńtà kó tó dé gbàǹjo ni, ìbànújẹ́ ńlá ni ì bá jẹ́ fún àwọn tó mọ̀ nípa mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń jẹ́ muscle car gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé yìí wà. Nígbà tí Pontiac gbé GTO jáde lọ́dún 1964, Tempest LeMans tí èèyàn lásán ń rà fi lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n mú, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì V8 tó jẹ́ 389 cubic inch sínú ẹ̀, wọ́n tún àwọn nǹkan kéékèèké kan ṣe, ó di GTO. Chevelle SS náà, àbúrò Malibu ni. Ẹ ti wá rí i báyìí pé báàdì olówó ńlá àti báàdì èyí tí màmá àgbà fi ń lọ sọ́jà, ọ̀kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà, búùtù kan náà, ilẹ̀ kan náà tó ń jẹrà níbì kan náà. Ìpẹtà ò mọ SS yàtọ̀ sí èyí tó ní sílíńdà mẹ́fà. Wákàtí tí wẹ́dà máa lò lára tibí náà ló máa lò lára tọ̀hún, owó tí yóò gbà ò sì ní dínkù torí pé mọ́tò yín ò gbajúmọ̀.

Tí wọ́n bá tú mọ́tò palẹ̀ pátápátá, tí wọ́n gbé báàdì kọ́ sórí irin tó ń yí po kí wọ́n lè rí abẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó lè gba wákàtí 1,000, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba 100 dọ́là lórí wákàtí kan, àwọn tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ dáadáa, 100,000 dọ́là nìyẹn fún owó iṣẹ́ nìkan, ẹ ò tíì ra ọ̀dà, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi króómù bo bọ́ńpà, àwọn yẹn kì í sì í ṣe aláàánú. Ká ní Mustang coupe ọdún 1968 tó ní sílíńdà mẹ́fà ni, tí ọjà ń ra èyí tó dáa nínú ẹ̀ ní 20,000 dọ́là. Ẹ yọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ jẹ́ n mú ibì kan ṣoṣo lára Mustang yẹn, kí ẹ fi rí bí owó ṣe ń lọ. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú mọ́tò, cowl ni wọ́n ń pè é. Irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀dà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dé àárín wọn láti fáctọ́rì. Ewé àti ìdọ̀tí á kó síbẹ̀, omi òjò á dúró lórí ẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ láti inú tí ojú ò ti lè rí i. Ohun tí ẹni tó ni mọ́tò máa kọ́kọ́ rí ni kápẹ́ẹ̀tì tó tutù lẹ́sẹ̀, á ní rọ́bà ilẹ̀kùn ló ti gbó, á lọ ra rọ́bà tuntun. Omi yẹn ṣì ń kán, ilẹ̀ mọ́tò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Tó bá di pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọ́n á yọ fẹ́ńdà méjèèjì, wọ́n á yọ gíláàsì, wọ́n á tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á wá máa fi dírílì lu ojú ibi tí fáctọ́rì ti jó irin pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ni o, kí irin òkè tó lè ṣí kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Irin tí wọ́n máa fi pààrọ̀ ẹ̀ ò wọ́n rárá. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń pa èèyàn. Tí wọ́n bá sì ṣe é tán, kò sẹ́ni tó máa rí i, oníbàárà ò ní fi dọ́là kan kún owó torí ẹ̀, ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé mọ́tò tó fẹ́ rà ò gbọdọ̀ jò. Tí ẹ bá fẹ́ ra Mustang ọdún yẹn, omi bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì kan àti tọ́ọ̀ṣì ti tó yín, ẹ da omi sínú àwọn ihò yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń tà á tí ò bá jẹ́ kí ẹ dà á, ẹ máa lọ ilé yín.

Mágínẹ́ẹ̀tì náà, ẹ mú un dání. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ báàdì, pọ́tì ló wà níbẹ̀, irin ti lọ.

Ohun tí ọjà ń sanwó fún ni ìwé àti nọ́ńbà. Láti 1968, GM (General Motors, tó ń ṣe Chevelle, Camaro àti Pontiac) máa ń tẹ apá kan nọ́ńbà mọ́tò sára ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì tó bá bá mọ́tò ẹ̀ mu ni wọ́n ń pè ní numbers matching, èyí tí ò bá bá a mu, kò sí iye owó tí ẹ lè ná tó máa sọ ọ́ di èyí tó bá a mu. Pontiac ní ìwé PHS tó ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò láti fáctọ́rì, Ford ní Marti Report. Láti 1966 títí dé 1971, VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò) tó bá jẹ́ ti GTO, 242 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti 1964 àti 1965 ò rí bẹ́ẹ̀, VIN LeMans ni wọ́n ń lò, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi fẹ́ràn ọdún méjì yẹn, wọ́n á ra LeMans, wọ́n á lẹ àmì GTO mọ́ ọn. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa gbádùn ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé owó GTO lẹ máa ná, owó LeMans ni wọ́n máa san fún yín, tí ẹ bá sọ òótọ́.

Wọ́n tún máa ń ní "wọn ò ṣe é mọ́, torí náà yóò máa wọ́n sí i ni." Mustang tí Ford ṣe fún ọdún 1966 nìkan lé ní 600,000. Camaro ọdún 1969 lé ní 240,000, inú gbogbo ẹ̀, ZL1 tí àwọn olówó ń jà sí jẹ́ 69 péré. Kódà báàdì tuntun wà, Dynacorn ń ṣe odindi báàdì Mustang àti Camaro láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó dáa nínú ìyẹn ni pé páàtì àwọn méjèèjì yìí wà káàkiri, owó ẹ̀ sì rọ̀ ju ti AMC tàbí Mercury tí èèyàn lè fi oṣù mélòó kan wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí gíláàsì ẹ̀yìn ká. Tí ọ̀rọ̀ bá sì kan pé ó ń wọ́n sí i, ẹ bi àwọn tó ra muscle car ní 2006 nígbà tí owó ẹ̀ ga dé góńgó, kí ẹ bi wọ́n bó ṣe rí lẹ́yìn 2008.

Èyí tí wọ́n ń pè ní restomod, mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n kó páàtì ìgbàlódé sínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì LS tuntun, jíà Tremec, bíréékì ńlá, A/C tó ń tutù, èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ fún wíwà. Àmọ́ ìfẹ́ inú tiyín lẹ kó sínú ẹ̀, ẹni tó máa rà á ní ìfẹ́ inú tiẹ̀, títí kan àwọ̀ ìjókòó.

Èló wá ni kéèyàn ná? Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Hagerty, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì mọ́tò àtijọ́, ní ìwé iye owó tó pín mọ́tò sí ipò 1 sí 4, ipò 1 ni èyí tí kò lábùkù kankan, ipò 3 ni èyí tó dáa tó ṣeé wà lọ síbi tó bá wuni. Ẹ wá irú mọ́tò yín gan-an níbẹ̀, ọdún ẹ̀, ẹ́ńjìnì ẹ̀, ẹ wo ipò 3 àti 2, ẹ má wo ipò 1 rárá, ojú kòkòrò ló wà níbẹ̀. Ẹ yọ iye tí ẹ rà á kúrò. Èyí tó kù ni ọjà lè bá yín gbé, gbogbo ohun tí ẹ bá ná lé e lórí, owó ìgbádùn ni, bí owó tí èèyàn fi ń rìnrìn àjò, tó bá ti lọ ó ti lọ, ìbéèrè ibẹ̀ kò ju pé ṣé ó máa dùn yín tí ẹ ò bá rí i mọ́. Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dín iṣẹ́ kù. Bíréékì, táyà, wáyà iná, ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ máa wà á, ọ̀dà lè dúró. Ẹ sì fi owó gidi sílẹ̀ fún ohun tí ẹ ò tíì rí, pàápàá tí mọ́tò bá ti gbé ní Michigan tàbí Ohio tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Ti Arizona, oòrùn á ti sun dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó ẹ̀, ṣùgbọ́n irin ẹ̀ á ṣì wà, ìjókòó sì rọrùn rà ju irin lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ́tò tó dáa ni, ẹ ra èyí tí ẹlòmíì ti tún ṣe. Òun ló ti gbé àdánù yẹn mì, ẹ̀yin máa ra iṣẹ́ 100,000 dọ́là ní owó tí kò tó ìdajì ẹ̀. Ẹ ní kó fún yín ní fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí báàdì ṣì wà níhòòhò, ṣáájú ọ̀dà, pẹ̀lú rìsíìtì. Ìwé yẹn náà lẹ máa lò tí ẹ bá fẹ́ gba ìnṣọ́ráǹsì agreed value, ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì á ti jọ fẹnu kò lórí iye mọ́tò yẹn ṣáájú. Ìnṣọ́ráǹsì lásán á ka ọjọ́ orí mọ́tò, á ní ó ti gbó.

Mọ́tò tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín ńkọ́? Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ ná ohun tó bá wù yín, ẹ má ṣáà yá a.

Ti àwọn tó bá ṣì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, ibi tí owó ti rọ̀ jù ni mọ́tò tí ẹnì kan ti tú palẹ̀ tí agbára ẹ̀ wá tán, tí gbogbo ẹ̀ wà nínú páálí. Wọ́n máa ń ta irú ẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Kí ẹ tó gbé páálí kankan sínú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú ìwé title, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tó ni mọ́tò hàn, wá, kí ẹ fi nọ́ńbà inú ẹ̀ wé ti VIN ara mọ́tò, tó máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti 1968, ìyẹn tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá wà nínú páálí.