Bí absinthe ṣe bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tọ́ wò

Ẹni tó bá ti dúró nídìí páràgà ní Láfẹ́nwá rí, tó rí egbò àti èèpo igi nínú ìgò ògógóró, kò ní í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ absinthe, ọtí líle eléwé ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó yé e. Àgbo lòun náà níbẹ̀rẹ̀. Ní Couvet, lórílẹ̀-èdè Switzerland, nǹkan bí ọdún 1792, inú rírun ni wọ́n ń fi í wò. Àwọn kan ní dókítà ọmọ Faransé kan, Pierre Ordinaire, ló ṣe é. Àwọn mìíràn ní àwọn obìnrin ìdílé Henriod ló ni ín. Tàwọn obìnrin náà lèmi gbà gbọ́. Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá alágbo Ìtòkú yóò mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún 1797, Major Dubied ra ìlànà rẹ̀, òun àti àna rẹ̀, Henry-Louis Pernod, sì bẹ̀rẹ̀ sí í sè é tà. Nígbà tó yá, wọ́n ń fún àwọn sójà Faransé ní Algeria mu nítorí ibà. Àwọn sójà gbé òùngbẹ rẹ̀ dé ilé. Kòkòrò wá ba oko àjàrà Faransé jẹ́, wáìnì di ọ̀wọ́n, ni mẹ̀kúnnù bá yà sídìí absinthe.

Ní 1905, Jean Lanfray yìnbọn pa ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ní Switzerland. Wáìnì tó mu lọ́jọ́ náà pọ̀ ju absinthe lọ fíìfíì, síbẹ̀ absinthe ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Switzerland fòfin dè é ní 1910, Faransé ní 1915. Ó dùn mí, nítorí ọtí líle ló ń ṣe ni léṣe, kì í ṣe ewé kíkorò inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wormwood. Ọdún 2005 ni Switzerland tó tú u sílẹ̀.

Nínú oríṣi rẹ̀, blanche ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: funfun ni, ó sì rọ ẹnu. Verte ni wọ́n tún rẹ ewé sí lẹ́yìn sísè. Ó korò díẹ̀ sí i. Èyí tó bá ń dán bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé, aró ni wọ́n pò sí i.

Ẹ má mu ún lógidì o, torí ó lè le tó ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ da díẹ̀ sí ife, ẹ gbé ṣúgà lé ṣíbí oníhò lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa kán omi tútù sí i títí omi á fi tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ọtí náà. Ẹ má ṣáná sí i. Àṣà ọdún 1990 síwájú nìyẹn, ó sì ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bómi bá ti ń wọlé, á máa funfun bíi mílíìkì. Èyí tí kò bá funfun rárá, anise, èso olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń sè é, kò tó nínú rẹ̀, ẹ má fowó yín rà á.