Kí Ẹ Tó Kun Lákà Lé Ọ̀dà Ara Ike

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé idà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere. Páìpù ike tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ idẹ. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi ọwọ́ rẹ̀ yìí. Alẹ́ méjì péré la fi lò ó lórí ìtàgé.” Ọ̀dà ti bó níbi tí òṣèré ń dì mú, funfun ike ti yọ síta. Òógùn àti èékánná ló ṣe é. Wọn ò fi lákà bò ó rárá.

Lákà ni fáníṣì tí kò láwọ̀, tí a ń kùn lé ọ̀dà kí nǹkan má baà ha á. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn lọ ra èyíkéyìí. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí lákà máa bá ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ jà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kun adé kan ní ọ̀dà olóróro, mo sì fín lákà mọ́tò lé e lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo ara adé fi hunjọ bí awọ orí ògì gbígbóná tó ń tutù. Tínà inú lákà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń pò ó kó lè ṣàn, ló wọ inú ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dénú. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe adé náà. Tínà yìí kan náà lè yọ́ ike fúnra rẹ̀: ẹ kán an sórí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ẹ ó rí i bí ó ṣe máa jìn wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nímọ̀ràn pé kó lo lákà olómi, èyí tí omi ń fọ̀ kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò sí abẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ kùn, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ti báàkẹ́ẹ̀tì àti kéègì yàtọ̀. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ irú ike bẹ́ẹ̀ dáadáa, lákà kò sì lè di ohun tí ike ti kọ̀ mú.

Ní Ifẹ̀ yìí, ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ òjò. Bí tínà ṣe ń fẹ́ lọ, ó ń mú ojú iṣẹ́ tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á gùn lé e, lákà á sì funfun bíi gíláàsì tí ìrì bò. Ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku lọ̀tá, nítorí náà ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti inú agolo tí a ń tẹ̀ fín ni, ẹ fín in láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kó fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì jẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó fín òmíràn.

Lákà tó ní hádínà, ìyẹn èròjà tó ń mú kó le, tí àwọn akunmọ́tò ń pò pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín in nínú ilé. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ tí a so mọ́ imú kò sì lè dá a dúró.

Ẹ tún wo dídán. Àwọn ère orí àtijọ́ tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí ní 1938, kì í tàn yòò bí ìkòkò tuntun. Bí idà bá ń dán gbinrin lábẹ́ iná ìtàgé, òǹwòran á mọ̀ pé ike ni. Èmi máa ń fi lákà tó ń dán ṣe ìsàlẹ̀, torí ó lágbára, kí n tó fi èyí tí kì í dán parí rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe sí idà ọmọbìnrin náà nìyẹn, lẹ́yìn tí mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí mo fi sáńdípépà múlọ́múlọ́ ha á, tí mo sì tún àwọ̀ rẹ̀ kùn. Mo ní kó fi aṣọ òwú wé e lọ sílé, kó má fi láílọ́ọ̀nù di í, nítorí òórùn lákà ṣì ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.