Ìwé kò ní ojú: ohun tí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Bí wọ́n bá ní ọmọ kan ń kọ́ nípa ìwé kíkọ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, gírámà ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Wọ́n rò pé ó lọ kó òyìnbó ńláńlá jọ ni. Èrò yìí ń dunni, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé lọ́nà. Wọ́n á wọ kíláàsì, wọ́n á máa to ọ̀rọ̀ gígùn lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ yíyọ ọ̀rọ̀ kúrò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan ń fún èèyàn ní oyè lórí ẹ̀kọ́ yìí nìkan. Ní Ìbàdàn, ó fọ́n káàkiri: ẹ̀ka Communication and Language Arts wà ní UI, Mass Communication wà ní Poly, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù sì ń tọ́ díẹ̀ wò nínú Use of English. Ibi yòówù kí wọ́n ti kọ́ ọ, ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ń bá jà.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń sọ mọ̀ bóyá ó ti yé e. Bó bá lejú, a ó tún un sọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi tọ́ wa dàgbà. Tó bá dénú ọmọlúàbí, á di odidi. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ojú. Ẹni tó kọ ọ́ wà ní Mọ́níyà, ẹni tó ń kà á jókòó sí Sẹkitéríàtì ní Agodi, ogún ìwé mìíràn sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àbọ̀ náà ni yóò wà.

Àwọn baba ńlá wa ti mọ ìṣòro yìí kí ìwé tó dé. Ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ní àrokò, ẹ̀fà ló fi ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni náà. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ jíjọra ló ń sọ. Ọmọ tó gbé e lọ́wọ́ kò lè túmọ̀ rẹ̀, ó lè má tilẹ̀ mọ ohun tó gbé. Nítorí náà, kí ẹni tó ń di àrokò tó so okùn, ó ní láti rò ó dáadáa: ṣé ẹni yìí mọ ìtumọ̀ ẹyọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n? Kí ló wà láàárín wa tẹ́lẹ̀? Ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń tú u? Ó sì gbọ́dọ̀ so ó le, torí bí ẹyọ kan bá jábọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdo kan tó bá jábọ́ lára iye owó nínú ìwé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù nìyí: ọjọ́ tí olùkọ́ bá pààrọ̀ ìwé láàárín kíláàsì. Ẹni tó ka ìwé ni yóò sọ ohun tí ìwé náà ní kí òun ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ jókòó síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Kò gbọdọ̀ sọ pé, "Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé..." Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ báyìí sí ọ̀gá ọ́fíìsì:

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń tó yín létí pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ìṣòro omi tó ti ń bá wa fínra tipẹ́ ti ń le sí i. A ó dúpẹ́ bí ẹ bá lè bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹni tó kà á á ní àánú wọn ṣe òun. Kí ni yóò wá ṣe? Kò mọ̀. Omi wo? Èló? Kó tó dìgbà wo? Ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ́, gbogbo ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́. Ìjókòó ìṣẹ́jú mélòó kan yìí kọ́ni ju ìwé gírámà odidi kan lọ. Nígbà tó bá tún un kọ, á di:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ₦85,000 kí a fi ra pọ́ńpù tuntun fún kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Ti tẹ́lẹ̀ ti jó láti ọjọ́ Mọ́ńdè. ₦6,000 là ń fi ra omi lójúmọ́ báyìí."

Ọ̀wọ̀ kò dín kù. Ó wà nínú "ẹ jọ̀wọ́", ó sì wà nínú pé a kò fi àkókò àgbà ṣòfò.

Láti 1973 ni SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, àti NYSC, ètò àwọn agùnbánirọ̀, ti wà, níbẹ̀ sì ni èrè ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́kọ́ ń hàn. Nínú logbook, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ SIWES ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ rẹ̀ sí, ẹni tí kò kọ́ ọ á kọ pé "wọ́n kọ́ mi ní nǹkan púpọ̀ lónìí". Ẹni tó kọ́ ọ á kọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n tú, ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Agùnbánirọ̀ tó dé kẹ́yìn ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ìwé náà á gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tí kò tíì rí ojú rẹ̀ rí, wọ́n á sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ òun fúnra rẹ̀.

Ní ilé ìwé ìròyìn bíi Tribune, tó wà ní Ìbàdàn láti 1949, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ní Jericho, ọwọ́ olótùú ni gbogbo ìròyìn àti ìwé ń gbà kọjá kó tó jáde. Ọmọ tí wọ́n ti fi bírò pupa ya ìwé rẹ̀ ní kíláàsì kò ní bínú níbẹ̀. Èyí tí kò rí i rí á rò pé wọ́n kórìíra òun. Kì í sì í ṣe akọ̀ròyìn nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn: nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní wọ́ọ̀dù ń kọ̀wé sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn méjèèjì sì lè má ríra ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Àléébù ètò ẹ̀kọ́ yìí ni pé kíláàsì ti pọ̀ jù. Olùkọ́ tó ní igba ìwé níwájú kò lè kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà máàkì á bọ́ sórí àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ, àtúnkọ tó jẹ́ ọkàn ẹ̀kọ́ náà kò sì ní wáyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe é fúnra wọn nínú yàrá wọn ní Àgbówó, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ ní business centre. Ọ̀rẹ́ á máa ka ìwé náà sókè, ẹni tó ni ín á mú pẹ́ńsù dání, á sì fi àmì sí gbogbo ibi tí ẹni tó ń kà á bá ti dúró láti tún un kà.