Kí Ló Ń Mú Kí Ìpínlẹ̀ Kan Kún ní Amẹ́ríkà?

Bí ìròyìn bá ti gbé e jáde pé èèyàn ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn ló ń kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ìṣirò iye èèyàn kì í tètè gbà bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń yí iye èèyàn ìpínlẹ̀ padà. Iye ọmọ tí wọ́n bí wà níbẹ̀, a ó sì yọ àwọn tó kú kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ti òkè òkun wọlé wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ẹ wo California. Láàrin 2010 sí 2020, iye àwọn ará ibẹ̀ lé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 37 dé mílíọ̀nù 39.5, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láàrin ọdún mẹ́wàá yẹn pọ̀ ju àwọn tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá lọ. Ọmọ tuntun àti àwọn tó wá láti òkè òkun ló dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìpínlẹ̀ náà kò yára dàgbà tó orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ó pàdánù ìjókòó kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí wọ́n ń fi iye èèyàn pín ìjókòó rẹ̀ láàrin àwọn ìpínlẹ̀, lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí, nígbà tí Texas jèrè méjì.

Owó-orí ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń lé àwọn èèyàn, nítorí Texas àti Florida kì í gba owó-orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù. Mo gbà pé ó wà lára ìdí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ni olórí rẹ̀. Alaska náà kì í gbà á, síbẹ̀ láti nǹkan bí 2013 ni àwọn tó ń ti ibẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń pọ̀ ju àwọn tó ń wá. Lójú tèmi, owó ilé ló wúwo jù. Ilẹ̀ pọ̀ ní àyíká Houston, ìlú náà kò sì ní òfin tó ń ya àdúgbò ibùgbé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìṣòwò bí àwọn ìlú ńlá yòókù ti ní in, nítorí náà ilé tuntun ń yára jáde níbẹ̀ ju ní San Francisco lọ.

Ààlà ìlú pẹ̀lú máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn tí wọ́n kà ní Atlanta gan-an ní 2020 kò pé 500,000, ṣùgbọ́n gbogbo àgbègbè tó yí i ká lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Detroit ní ju mílíọ̀nù 1.8 lọ ní 1950, ó ku nǹkan bí 639,000 ní 2020. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kúrò kò lọ jìnnà, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kó lọ.

Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá ń gbèrò àtikó lọ sí Houston níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí, kí ó wo káúntì (ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀) tí ilé náà wà, kì í ṣe ìpínlẹ̀ nìkan. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ ní Texas wà lára èyí tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ó sì yàtọ̀ láti káúntì dé káúntì. Kí ó béèrè iye rẹ̀, àti iye owó ìbánigbófò nítorí omíyalé, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.