Déètì Ni Kó Kọ́kọ́ Yan Ìlú: Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́rin ní Yúróòpù Nígbà Ìwọ́wé

Tí èèyàn tó ń gbé ní Britain bá fẹ́ lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin ní ìlú kan nílẹ̀ Yúróòpù, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé á mú ìlú tó ti ń wù ú tipẹ́, á wá máa wá ọjọ́ tí owó ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀ wálẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò séwu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìwọ́wé, láti Oṣù Kẹsàn-án títí dé ìparí Oṣù Kọkànlá, ìlú tó dùn-ún rìn lọ́sẹ̀ yìí lè ti rin gbingbin fún òjò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, tàbí kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ṣú kí èèyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Déètì ni kéèyàn kọ́kọ́ mú, kó wá wo ìlú tó bá a mu.

Ìmọ́lẹ̀ ṣáájú òtútù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn lè fi ẹ̀wù lé òtútù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè fi dá oòrùn dúró. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 Oṣù Kọkànlá, wákàtí mẹ́jọ péré ni ọ̀sán fi ń gùn ní Stockholm, nígbà tó lé ní mẹ́wàá ní Lisbon. Bí ìlú bá ṣe wà ní àríwá tó ni ọ̀sán ibẹ̀ ń yára kúrú tó, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Aago tí ìlú ń lò náà sì ní ipa tirẹ̀. Aago kan náà ni Warsaw ní Pólándì àti Seville ní Sípéènì ń lò, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan wà lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn, èkejì wà ní ìwọ̀ oòrùn pátápátá. Ní déètì tí a dá yẹn, oòrùn á ti wọ̀ ní Warsaw kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní Seville, aago mẹ́fà á ti kọjá kó tó wọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa rìn káàkiri nírọ̀lẹ́ á jèrè wákàtí méjì lójoojúmọ́ nípa pé ó yan Seville nìkan. Àmọ́ kó mọ̀ pé òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń pẹ́ mọ́: ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú Oṣù Kẹwàá ni gbogbo ìlú tí a dárúkọ yìí ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, Britain náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á dín ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí àyè bá wà láti yan láàárín ìparí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyípadà yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó ṣáájú ló sàn jù, àgàgà fún àwọn ìlú àríwá.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, òjò ló kàn, òjò ibì kan kì í sì í ṣe irú òjò ibòmíì. Létí Òkun Mẹditaréníà, oòrùn ló máa ń ràn lọ́pọ̀ ọjọ́ Oṣù Kẹwàá, omi òkun náà ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nítorí ó ti fa ooru mu láti oṣù bíi mẹ́rin sẹ́yìn, omi kì í sì í tètè tutù. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀rinrin ń gòkè láti ojú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ yìí. Bí agbo afẹ́fẹ́ tútù kan bá já kúrò ní àríwá tó wá dúró lókè rẹ̀, gbogbo ọ̀rinrin náà á di òjò, á sì máa rọ̀ sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. DANA ni wọ́n ń pè é ní Sípéènì. Irú rẹ̀ ló rọ̀ ní agbègbè Valencia ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí èèyàn tó lé ní 200 fi kú, àwọn kan nínú wọn níbi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti sáré lọ gbé mọ́tò wọn. Kò túmọ̀ sí pé kéèyàn sá fún Valencia, Alicante, Nice tàbí Genoa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kó gba yàrá tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà, kó máa wo ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tí fóònù bá sì ké ìkìlọ̀, kó gun òkè ilé, kó má sọ̀ kalẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀.

Òjò etí Òkun Àtìláńtíìkì yàtọ̀ sí èyí. Ní Porto, ó lè rọ̀ winniwinni fún ọjọ́ méjì gbáko láìpariwo, Porto sì máa ń rí òjò ju Lisbon lọ. Róòmù náà wà lára ìlú tí Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá jẹ́ oṣù òjò fún, àmọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ pọ̀ débi pé òjò wákàtí méjì kò lè ba ọjọ́ jẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ìlú kọ̀ọ̀kan nìyí: bí òjò bá rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ kejì, ibo ni a máa wọ̀? Vienna, Madrid àti Berlin ní ìdáhùn tó pọ̀. Ní Prado, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Madrid, ọ̀fẹ́ ni wákàtí méjì tó kẹ́yìn lójoojúmọ́, àmọ́ ìlà gígùn máa ń wà níta kó tó tó àkókò. Ìlú kékeré etíkun tí ẹwà rẹ̀ kò ju yanrìn àti ilé oúnjẹ lọ kò ní ìdáhùn kankan.

Venice gba ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti Oṣù Kẹwàá títí wọ Oṣù Kìíní ni omi òkun máa ń kún wọ ìgboro jù. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń gbé ìlẹ̀kùn irin MOSE dìde ní ẹnu òkun bí wọ́n bá rí i pé omi máa ga dé sẹ̀ǹtímítà 110. Gbàgede San Marco rẹlẹ̀ ju ìyókù ìlú lọ, omi sì lè ru sókè láti inú gọ́tà ibẹ̀ kó tó ga tóyẹn. Wákàtí díẹ̀ ni omi náà fi ń wà kó tó fà. Ẹni tó bá ń lọ ní Oṣù Kọkànlá, kó gba yàrá tó jìnnà díẹ̀ sí San Marco, kó mú bàtà tí omi kò lè wọ̀, kó sì fi báàgì tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ dípò onítáyà, nítorí àtẹ̀gùn wà lórí afárá tó pọ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò ọ̀nà ló sábà máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ jù. Ọkọ̀ òfurufú láti London sí Lisbon kì í sábà ju wákàtí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe wákàtí mẹ́ta ni ìrìn náà. Fi wákàtí kan ààbọ̀ kún un láti ilé dé pápákọ̀, méjì fún ìdúró níbẹ̀, ìṣẹ́jú 45 fún àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà, àti ìṣẹ́jú 45 mìíràn dé òtẹ́ẹ̀lì: wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin á wá di ọjọ́ méjì odindi pẹ̀lú àjẹkù ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó lọ tààrà nìkan ni kéèyàn wò. Kó tún wo ibi tí ọkọ̀ náà ń balẹ̀ sí gan-an. Beauvais tí wọ́n ń tà bíi ti Paris jìnnà tó kìlómítà 85 sí Paris. Bergamo tó bíi 50 sí Milan. Skavsta tó 100 sí Stockholm. Ti Lisbon wà nínú ìlú, réèlù abẹ́ ilẹ̀ sì wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbéra laago mẹ́fà ìdájí náà ní ìdẹkùn tirẹ̀: réèlù kì í tíì ṣiṣẹ́ ní àkókò tó yẹ kéèyàn jáde nílé, owó táksí á sì jẹ èrè tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú náà run.

Kàlẹ́ńdà ìlú náà ṣe pàtàkì. Ní ìdajì kejì Oṣù Kẹsàn-án títí wọ Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ Oṣù Kẹwàá, Oktoberfest, àjọ̀dún ọtí bíà, á ti gbé owó yàrá Munich lọ sókè réré. Ìparí Oṣù Kẹwàá, tí ọmọléèwé gba ìsinmi àárín táàmù ní ọ̀pọ̀ ibi ní England, ni tíkẹ́ẹ̀tì láti Britain máa ń wọ́n jù. Ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá jẹ́ ìsinmi ní Sípéènì, Pọtugí, Ítálì, Faransé àti Pólándì, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ibẹ̀ sì máa ń tì. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lisbon àti Uffizi ní Florence máa ń tì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Louvre ní Paris. Owó orí àlejò náà wà: ní Lisbon, yúrò mẹ́rin ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó já sí 24 fún ẹni méjì lálẹ́ mẹ́ta, ní Amsterdam, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá ni. Ohun rere náà wà nínú kàlẹ́ńdà yìí. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ São Martinho, àwọn tó ń ta chestnut sísun wà káàkiri ìgboro Lisbon. Wọ́n á fi ọ̀bẹ dá ẹ̀yìn èso náà kó má baà bú gbàù, wọ́n á da iyọ̀ sí i, wọ́n á sun ún lórí èédú títí èèpo rẹ̀ á fi funfun bí eérú, wọ́n á sì dì í sínú bébà ní méjìlá méjìlá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló lè fọwọ́ rọ́ gbogbo ètò yìí sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú Britain, gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Yúrò 90 ni fún àgbàlagbà, owó ìtọ́jú tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lè san kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 sí i lọ. Ìdáhùn sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé 45. Àyè láti lọ fi ìwé sílẹ̀ ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù, ìdí nìyí tí ẹni tó ń wo Oṣù Kẹwàá fi ní láti bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn máa sùn sí jù ló ń fún un ní físà. Bó bá jẹ́ alẹ́ méjì ní Vienna àti méjì ní Prague, ti ibi tó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Dublin kò sí nínú Schengen, físà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Onípásípọ́ọ̀tù Britain kò nílò físà, àmọ́ ìwé náà kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tó wọlé, ó sì gbọdọ̀ ṣì lo oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tó máa jáde. Láti ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka àti àwòrán ojú lẹ́nu ibodè Schengen, ìdúró ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ sì máa ń gùn. Fún ẹni tó nílò físà, yàrá tó ṣeé fagi lé ni kó kọ́kọ́ gbà, kó fi ìwé sílẹ̀, kó sì dúró kí físà jáde kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá padà.